Àlejò Inú Ẹ̀rọ Sunnvá

Ní Klaksvík, níbi tí òkè ti tẹnu bọ òkun,
òjò ń fi ìka kan ṣoṣo kan gíláàsì ọ́fíìsì.
Aago márùn-ún ìdájí. Sunnvá tan kọ̀ǹpútà,
ó gbé ife kọfí lé orí ìwé owó ẹja,
ó ní kí aṣàwákiri wá jókòó díẹ̀,
kó bá òun wo iye tí wọ́n ń ra pánla tútù ní Dẹ́ńmáàkì.

Díẹ̀ náà ni. Ìjókòó lásán ni.

Aṣàwákiri, a-jẹ-má-yó,
a-tọrọ-àga-gba-bẹ́ẹ̀dì,
àlejò tó bọ́ bàtà kan lẹ́nu ọ̀nà
tó lọ bọ́ ìkejì ní yàrá ìyá onílé,
ojú-ewé kan lo ní o fẹ́ ṣí,
kí ló dé tí o kó mọ̀lẹ́bí mẹ́rìnlélógójì dání?

Èmi tí mo ń to àpótí ẹja lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
mo ti ka fèrèsé rẹ̀ rí.
Ojú-ọjọ́ wà níbẹ̀, ó yẹ kó wà.
Bí a ṣe ń hun ọrùn súwẹ́tà wà níbẹ̀ láti oṣù kejì;
ọmọ tó yẹ kó wọ súwẹ́tà ọ̀hún ti dàgbà jù ú lọ.
Táyà mẹ́rin tí ẹlòmíì ti rà.
Ìròyìn kan nípa àìróorunsùn, ó gùn bí òru,
tó ní òun máa kà nígbà tí òun bá sùn dáadáa.
Ọkùnrin kan sì ń sọ̀rọ̀ níbì kan láàárín wọn
nípa bí a ṣe ń fọ eyín;
a ò mọ fèrèsé tó ti ń sọ ọ́.

Iyè ẹ̀rọ náà kò ju gígábáìtì mẹ́rin lọ,
ó kéré bí ìkòkò àpọ́n.
Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ
bí ajá tó sáré gun òkè.

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, títà bẹ̀rẹ̀.
Høgni ti so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èbúté,
tọ́ọ̀nù ẹja mọ́kànlá lábẹ́ yìnyín.
Sunnvá tẹ bọ́tìnnì. Kò mira.
Ìwé ìṣirò tó ń kọ iye sí funfun báláú,
ó sì kú, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

"Kí ló pa á?" Høgni bèèrè, omi ń ro lára fìlà rẹ̀.
"Ebi."
"Ebi kẹ̀? Nínú ilé tó kún fún ẹja?"

Ó ṣí àkọsílẹ̀ àwọn tó ń jẹun nínú ẹ̀rọ:
aṣàwákiri, aṣàwákiri, aṣàwákiri,
orúkọ kan náà lórí ìlà mọ́kàndínlógójì,
bí ẹni tó tò fún oúnjẹ,
tó gbà á tán,
tó sáré yípo ilé wá tò lẹ́yìn ara rẹ̀.
Ìṣirò tó ń bọ́ gbogbo wa, kò rí egungun lá.

Àtipa dé àti pípa, lẹ́tà méjì ló là wọ́n láàárín.
Sunnvá kò mọ̀ ọ́n pa dé rí;
ó pa á. Ìka kan ló fi pa á.
Fáànù sinmi.
Eléyín dákẹ́ láàárín gbólóhùn.

Títà ti kọjá lọ.
Ó fi pẹ́ńsùlù kọ iye sára ìdérí àpótí
bí Eyðbjørn bàbá rẹ̀ ti ń ṣe,
iye tó kù, iye tí kò dùn.
Høgni kò sọ̀rọ̀. Ó mu kọfí rẹ̀ tán fún un.

Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, ó tún pe àlejò.
Ó wọlé bí ẹni tí a kò lé rí, ó ní:
Mo ṣubú lójijì. Ṣé kí n kó gbogbo wọn padà wá?

Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀ kí n lè wò ó.
Mo ti ní yóò sọ pé rárá.
Ó wo òjò. Ó wojú mi.
"Súwẹ́tà yẹn," ó ní, "àbúrò mi ti lóyún."

Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.
Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í mí,
ọkùnrin náà sì ń bá ọ̀rọ̀ eyín rẹ̀ lọ.